Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa To Síńkì Tuntun

  Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ síńkì ilé ìdáná ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín pé, kí ni ó kan olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé nínú iṣẹ́ pulọ́ḿbà? Ẹ fara balẹ̀ fún mi, kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ń gúnyán lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ilé dákẹ́ jù. Kò sí ìyá tí kò mọ̀ pé bí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ bá dákẹ́, nǹkan kan ni ó ń bàjẹ́ lọ́wọ́. Mo fi ọmọ odó sílẹ̀, mo wọlé. Ọmọbìnrin mi jókòó sílẹ̀ ní iwájú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wà lábẹ́ síńkì, ó gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan sí àárín itan, ó sì ń fi eyín ṣí ìdérí rẹ̀. Kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó wà nínú ìgò náà mọ́. Kọ́sítíìkì sódà tí mo pò mọ́ omi ni, èyí tí mo máa ń dà sí síńkì wa nígbàkúùgbà tí ó bá dí.

Ọlọ́run ni ó yọ mí. Ìdérí náà le, eyín ọmọ kò sì ràn án. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi omi púpọ̀ ṣan ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀, mo yẹ ètè àti ahọ́n rẹ̀ wò dáadáa, lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo ń gbọ̀n. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí mo ń kọ́ wọn pé a kì í rọ oògùn olóró sínú ìgò ohun mímu, a kì í sì í gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Nígbà tí baba àwọn ọmọ mi dé, tí mo ròyìn fún un, kò bá mi wí. Ìbéèrè kan péré ni ó bi mí: “Kí ni ó tilẹ̀ ń fa dídí síńkì yìí gan-an?” N kò rí èsì fọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fọ abọ́ nínú síńkì náà, ṣùgbọ́n n kò wo abẹ́ rẹ̀ ju ìgbà tí mo bá fẹ́ mú ọṣẹ lọ. Pulọ́ḿbà kan ti wá ní ìgbà mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin. Bí ó bá dé, yóò fi wáyà gún ọ̀nà omi, yóò gba owó, omi yóò sì máa lọ geere fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìgbà kẹta ni ó wí fún mi pé, “Màdáámù, ẹ má wulẹ̀ máa yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ ra kọ́sítíìkì sódà, ẹ máa dà á sí i.” Mo gba ìmọ̀ràn náà láìbéèrè ìdí rẹ̀. Àìmọ̀ mi yìí ni ó gbé májèlé wọ ilé, kì í ṣe síńkì.

Ní ibi iṣẹ́ wa, bàbá àgbàlagbà kan wà tí ó ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe láti ìgbà tí èmi ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo tọ̀ ọ́ lọ ní ọjọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ó ní, “Ìyá olùkọ́, ṣé kí n wá bá yín tún un ṣe ni?”

Mo ní, “Rárá o, bàbá. Kí ẹ kọ́ mi bí a ti ń ṣe é ni.”

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Nígbà tí ó dé ilé wa, ó jókòó sórí àpótí, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹnu ni ó fi darí mi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ pín fún yín.

Ohun tí ó wà lábẹ́ síńkì

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá ní kí n ṣe ni pé kí n kó gbogbo ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù náà jáde, kí n tan tọ́ọ̀ṣì, kí n sì wo ọ̀nà tí omi ń gbà. Nígbà náà ni mo rí i pé dípò páìpù tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, rọ́bà oníhunjọ kan ni wọ́n fà láti ẹnu síńkì wọ inú ògiri. Rọ́bà náà ti sọ̀ kalẹ̀ ní àárín bí okùn tí a sá aṣọ tútù sí. Ibi tí ó sọ̀ sí yìí ni ọ̀rá ọbẹ̀ àti èérún oúnjẹ ń dúró sí, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ hunjọhunjọ ara rẹ̀. Wáyà pulọ́ḿbà kàn ń lu ihò kékeré sí àárín ọ̀rá náà ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ihò náà á tún dí.

Páìpù tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni àwọn pulọ́ḿbà ń pè ní tíráàpù. Páìpù tí ó ká kò bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ ni. Nígbàkúùgbà tí a bá da omi sí síńkì, ìwọ̀nba omi díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù sí ibi tí ó ti ká kò náà, ní jíjìn bí íńṣì 2 sí 3. Omi yìí ni ìlẹ̀kùn ilé ìdáná wa. Kì í jẹ́ kí òórùn inú kòtò ìdọ̀tí gba ojú síńkì wọlé, kì í sì í jẹ́ kí aáyán gba ibẹ̀ jáde lóru. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: aláago kan, ọmọ Scotland, tí ń jẹ́ Alexander Cumming, ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní London ní ọdún 1775 fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi tí ó ní irú páìpù kíkákò bẹ́ẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí ohun tí ó rọrùn tó o. Èyí tí ó sì dára jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ lásán ni a fi ń tú u. Ẹni tí ó bá ní tíráàpù tí ó sì mọ̀ ọ́n tú kò ní ohunkóhun í fi kọ́sítíìkì sódà ṣe.

Nínú ilé tiwa, jíjò tún ti mú kí pákó kọ́bọ́ọ̀dù jẹrà, ìpẹtà sì ti jẹ ẹnu ihò síńkì náà. Bàbá ní kí n má ṣe fi owó ṣòfò lórí àtúnṣe rẹ̀, kí n ra tuntun.

Ìwọ̀n ni àkọ́kọ́, ọjà ni ìkejì

Ẹ má ṣe lọ sí ọjà láìtíì wọn nǹkan. Ẹ fi tépù wọn gígùn àti ìbú síńkì àtijọ́ láti etí dé etí, kí ẹ sì wọn ihò tí ó jókòó sí lórí pèpéle pẹ̀lú. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà wa ni oníkòtò kan tí ó ní ibi tí a ń da abọ́ dé sí ní ẹ̀gbẹ́, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 50; àti oníkòtò méjì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120. Ẹ wò ó bí kòtò ti yín bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún tàbí ní ọwọ́ òsì, nítorí bí ẹ bá ra òdì kejì rẹ̀, ihò síńkì kò ní bá páìpù inú ògiri mu mọ́.

Bí ẹ bá ń kọ́ pèpéle tuntun, ẹ ro ti ẹ̀yìn yín mọ́ ọn. Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ ká apá yín. Orí pèpéle yẹ kí ó fi íńṣì 4 sí 6 relẹ̀ sí ìgúnpá yín. Ọ̀pọ̀ pèpéle ni wọ́n kọ́ ní íńṣì 36 láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òfin pé obìnrin kúkúrú àti obìnrin gíga gbọ́dọ̀ lo pèpéle kan náà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìsàlẹ̀ kòtò ni ọwọ́ yín yóò ti máa ṣiṣẹ́. Kòtò tí ó bá jìn ju íńṣì 8 lọ máa ń mú ni tẹ̀ kọ́ọ́rọ́ bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà, a ó sì dá ẹ̀bi ẹ̀yìn dídùn lé ọjọ́ orí.

Ní ti irin síńkì fúnra rẹ̀, irin tí kì í tètè dípẹtà ni ó yẹ. Harry Brearley ni ó pò irú irin bẹ́ẹ̀ ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1913. Èròjà tí a ń pè ní kírómíọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó tètè pọ́n. Ṣùgbọ́n oyè ju oyè lọ. Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ sí ọjà. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kòtò náà gírígírí, oríṣi tí kò ní níkẹ́lì nínú ni, ìpẹtà sì lè tètè mú un. Ẹ tún fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ kòtò. Bí ó bá ń tẹ̀ wọlé bí ike mílíìkì, ẹ kí oníṣọ́ọ̀bù pé ó dàbọ̀.

Àwọn ohun mìíràn tí ẹ óò rà nìwọ̀nyí: ẹnu ihò síńkì pẹ̀lú asẹ́ rẹ̀, tíráàpù oníńṣì 1½, ẹ̀rọ omi tuntun bí ti àtijọ́ bá ti gbó, rọ́bà onírin tí ń gbé omi láti ara ògiri wá sí ẹ̀rọ, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìdajì íńṣì, fáàfù kékeré kan tí a óò fi sí ara ògiri, tépù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń wé mọ́ ẹnu páìpù, àti sílíkónì tí a fi ń dí etí síńkì. Ní ti irinṣẹ́, sípánà tí ó ṣeé fẹ̀ tí ó ṣeé fún, sukurudiráfà, ọ̀bẹ mímú, tọ́ọ̀ṣì, garawa àti àkísà ti tó. Kí ẹ tó kúrò ní ọjà, ẹ rí i dájú pé àwọn ìkọ́ kéékèèké tí a fi ń de síńkì mọ́ abẹ́ pèpéle wà nínú páálí rẹ̀.

Yíyọ ti àtijọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, láti inú tááǹkì orí òrùlé tàbí orí àtẹ irin ni omi ti ń wá. Ẹ ti fáàfù tí ó wà lẹ́nu tááǹkì náà. Ẹ wá ṣí ẹ̀rọ síńkì sílẹ̀ títí omi inú páìpù yóò fi tán. Bí ìsọ̀ iná bá wà nítòsí síńkì, ẹ pa á, kí ẹ sì yọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ gbé garawa sí abẹ́ ọ̀nà omi kí ẹ tó tú u, nítorí omi tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe omi tí ẹ óò fẹ́ kí ó ta sí yín lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú rọ́bà onírin kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ tú àwọn ìkọ́ abẹ́ síńkì. Ẹ fi ọ̀bẹ gé gbogbo ohun tí wọ́n fi lẹ etí rẹ̀ mọ́ pèpéle yí ká. Ẹ fi aṣọ wé ọwọ́, nítorí etí irin náà mú bí abẹ, kí ẹ̀yin méjì sì jọ gbé e. Ẹ má ṣe fi ara yín ṣe akin nídìí èyí.

Bí pákó abẹ́ rẹ̀ bá ti jẹrà, ìgbà yìí ni ẹ óò pe káfíńtà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán. Tiwa gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó gbẹ. Inú bàsíà ni mo ti ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé bí ìyá mi ti ń ṣe, ara mi sì dá pé.

Títo tuntun

Kókó ọgbọ́n kan wà tí bàbá náà kọ́ mi tí n kò jẹ́ gbàgbé: ohunkóhun tí ó bá ṣeé so mọ́ síńkì nígbà tí ó wà nílẹ̀, ẹ so ó mọ́ ọn nílẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ da síńkì dojú dé lé e. Ẹ so ẹ̀rọ omi àti rọ́bà onírin rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá fi ẹnu ihò síńkì sí i: sílíkónì díẹ̀ láàárín irin àti ẹnu ihò ní òkè, rọ́bà wáṣà ní ìsàlẹ̀, kí ẹ sì yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Bí ẹ bá gbé síńkì sípò kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ̀yìn ni ẹ óò fi dùbúlẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ṣe é.

Ẹ nu etí pèpéle títí yóò fi gbẹ. Ẹ fa sílíkónì yí ihò náà ká láìjá a, ẹ gbé síńkì lé e, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ de àwọn ìkọ́ rẹ̀ ní ìkọjú-síra-wọn, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè. Ẹ fi àkísà tútù nu èyí tí ó bá yọ jáde. Láti mọ̀ bóyá ó tẹ́ dáadáa, ẹ da ife omi kan sí ibi tí a ń da abọ́ dé sí. Bí omi bá ṣàn lọ sínú kòtò, ó tọ́. Bí ó bá ṣàn sí ọ̀dọ̀ yín tàbí sí ògiri, ẹ tún un ṣe kí sílíkónì tó gan.

Omi tí ń bọ̀ ni ó kàn. Ẹ yọ ohun tí ó wà lẹ́nu páìpù ògiri, ẹ wé tépù funfun mọ́ ẹnu fáàfù tuntun ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ní ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń yí sí bí ẹ bá kọjú sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì yí i wọ ara ògiri. Fáàfù yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ lè ti omi síńkì nìkan ní ọjọ́ mìíràn láìti ti gbogbo ilé. Rọ́bà onírin ní wáṣà nínú ti rẹ̀, nítorí náà kò nílò tépù. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí yóò fi le, kí ẹ wá fi sípánà kún un ní ìdámẹ́rin ìyípo kan péré. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Sípánà tí a fi ìbínú yí ni ó máa ń bẹ́ wáṣà.

Ó kù tíráàpù. Ọwọ́ ni a fi ń yí nọ́ọ̀tì rẹ̀, kì í ṣe sípánà, a kì í sì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ láéláé, nítorí a ó tún máa tú u. Rọ́bà wáṣà rẹ̀ ní ìhà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìhà tí ó nípọn: ìhà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ó kọjú sí ẹnu tí páìpù ń wọ̀. Páìpù tí ó ti ara tíráàpù lọ sínú ògiri gbọ́dọ̀ máa relẹ̀ bí ó ti ń lọ, ó kéré tán ìdámẹ́rin íńṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Bí ihò inú ògiri bá ga ju ẹnu tíráàpù lọ, omi kò ní gun òkè lọ bá a. Ẹ pe ẹni tí yóò sọ ihò náà kalẹ̀.

Ìdánwò

Ẹ jẹ́ kí sílíkónì gan fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí omi tááǹkì, kí ẹ dí ẹnu síńkì, kí ẹ sì rọ omi kún un dé òkè. Ẹ wá yọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo omi náà já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ìdánwò nìyí, omi tín-ín-rín tí ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ kì í tú àṣírí. Ẹ fi bébà ìnudọ̀tí gbígbẹ yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká. Bí ó bá tutù, ẹ yí nọ́ọ̀tì ibẹ̀ díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ tú u wò bóyá wáṣà ṣe wẹ́rẹ́wẹ̀rẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ bébà gbígbẹ sí ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹ tó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó ṣì gbẹ, ẹ bá ara yín yọ̀.

Èmi kò yọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Oríkèé kan ń jò, mo sì ti ń wo ojú bàbá pé kí ó wá gbà mí. Ó ní, “Ẹ̀yin ni ẹ tò ó, ẹ̀yin ni ẹ mọ ibi tí ẹ ti ṣe é.” Mo tú u, mo sì rí i pé wáṣà kan ni mo fi kọ ẹ̀yìn síwájú. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bẹ̀rù abẹ́ síńkì mọ́.

Ìtọ́jú rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ nípa sódà

Ẹ má ṣe da òróró tí a fi dín nǹkan sí síńkì. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ rọ ọ́ sínú agolo, kí ẹ sì kó o dànù. Ẹ fi bébà nu ọ̀rá ọbẹ̀ kúrò lára ìkòkò kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ní oṣù méjì-méjì, ẹ gbé garawa sí abẹ́ tíráàpù, ẹ tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ tàbí omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun pẹ́ lórí irin síńkì, nítorí wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ní ti kọ́sítíìkì sódà, mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan ń fi í ṣe ọṣẹ, òwò wọn ni, kí Ọlọ́run bù sí i. Ṣùgbọ́n kí ó wà nínú ohun èlò tirẹ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ó sì wà nínú àpótí tí a tì pa. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀ tí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó bì í. Ohun tí ó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀, epo sì lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi ṣan ẹnu àti ojú rẹ̀, ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó bá ti dẹ́kun ẹkún. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ lè fún pa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí omi pàápàá kò fi ní lè kọjá níbẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ obìnrin ni?

Ìyá ọkọ mi wọlé bá mi níbi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ náà. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ṣé ọkùnrin kò sí nínú ilé yìí ni?” Mo jáde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin mà, nígbà tí ẹ wà lọ́mọge, ta ni ó ń mọ ààrò tí ẹ fi ń dáná?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá wọn ni ó ń po amọ̀, ìyá wọn ni ó ń mọ ọ́n, bí ó bá sì sán, ìyá wọn náà ni ó ń rẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tí í ránṣẹ́ pe ọkùnrin nítorí ààrò. Wọ́n gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ mi àgbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìmọ́lẹ̀ fún mi.

N kò wí pé kí a lé àwọn pulọ́ḿbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ o. Bí páìpù irin inú ògiri bá ti dípẹtà tí ó fẹ́ já, bí a bá fẹ́ gbé síńkì láti ògiri kan lọ sí òmíràn, tàbí bí a bá fẹ́ gé pèpéle olókùúta, ẹ pe oníṣẹ́, kí ẹ sì san owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to síńkì lẹ́ẹ̀kan yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́, yóò sì mọ ìmọ̀ràn tí kò yẹ kí òun gbà.

Ọmọbìnrin mi ti lé ní ọdún mẹ́fà báyìí. Òun ni ó máa ń gbé garawa sí abẹ́ tíráàpù bí oṣù méjì bá pé, òun náà ni ó sì máa ń rán mi létí pé kí n kọ́kọ́ ti fáàfù. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, nítorí kò sí ohun tí a ń fi pa mọ́ níbẹ̀. Kànìnkànìn, ọṣẹ àti àkísà gbígbẹ ni ó wà nínú rẹ̀.

Ó di oṣù tí ń bọ̀ o. Kí iná ilé ìdáná wa má ṣe kú, kí omi rẹ̀ má sì ṣe ṣì ọ̀nà.